Etí Mẹ́ta Kò Yẹ Orí

Àwọn àgbà ní etí mẹ́ta kò yẹ orí. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ mìíràn wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òde òní, tí íápíìsì kì í kúrò létí wọn láti àárọ̀ di òru, kò tíì rò dénú. Ìtumọ̀ náà ni pé bí méjì tí Ọlọ́run fún ènìyàn bá bàjẹ́, kò sí ẹ̀kẹta nípamọ́ tí yóò fi rọ́pò wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wúrà àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni yóò ṣíwájú rẹ̀.

Ní àárín ìlú Johannesburg, lórílẹ̀-èdè South Africa, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Marshalltown. Láti ara orúkọ Henry Brown Marshall, ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ. Ní ọdún 1886 ni wọ́n rí wúrà ní oko Langlaagte tí kò jìnnà síbẹ̀, ọdún náà gan-an ni wọ́n sì tẹ Johannesburg dó. Nígbà tó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń wa wúrà sọ Marshalltown di ibùjókòó wọn. Ilé-iṣẹ́ Anglo American, tí Ernest Oppenheimer dá sílẹ̀ ní 1917, kọ́ ilé gàgàrà kan sí nọ́ńbà 44, òpópónà Main Street, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀ kí ó tó kó lọ sí Rosebank. Ẹgbẹ́ àwọn oníwakùsà pàápàá fi òpópónà Hollard Street, ní àdúgbò kan náà, ṣe ibùjókòó tiwọn. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin Main Street yóò bá ohun èlò ìwakùsà ayé àtijọ́ tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà fún ìrántí.

Ọ̀dọ́ tó bá ń kọjá níbẹ̀ tòun ti hẹ́ẹ̀dìfóònù létí lè má mọ̀ pé wúrà wà lára òun náà. Ṣóńṣó irin tó wà lẹ́nu wáyà hẹ́ẹ̀dìfóònù, èyí tí wọ́n ń kì bọ ojú ihò fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, wúrà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ nínú wọn lára. Ìdí rẹ̀ ni pé wúrà kì í dípẹtà, nítorí náà ojú ibi tí irin ti ń pàdé irin kò ní tètè bàjẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ti fi dídán rẹ̀ polówó ọjà títí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé wúrà ló ń mú ohùn dùn, wọ́n sì ń fi owó gọbọi ra ohun tí kò kan orin rárá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń mú ohùn dára gan-an, ọ̀nà tó yá jù ni kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀rọ náà. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tanni jẹ.

Kí ni ẹ̀rọ náà? Orin tó wà nínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohùn, nọ́ńbà ni. Láti ṣe àwo CD, ìgbà 44,100 ni wọ́n ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì ń bọ́ sí ọ̀kan nínú ipò 65,536. Etí ènìyàn kò lè gbọ́ nọ́ńbà. Ó di dandan kí nǹkan kan wà láàárín tí yóò sọ nọ́ńbà di ìgbì iná kékeré, kí òmíràn sì wà tí yóò fún ìgbì náà lágbára tó fi lè mi awọ kékeré inú hẹ́ẹ̀dìfóònù. Èkíní dà bí ògbufọ̀ láàfin, ẹni tó ń sọ èdè àlejò di èdè ìlú. Èkejì dà bí akéde, ẹni tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ògbufọ̀ tó sì gbé e síta kí ará ìlú gbọ́. Bí ògbufọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀, kò sí bí akéde ṣe lè kígbe tó tí yóò tún un ṣe. Bí akéde kò bá sì ní ohùn, ọgbọ́n ògbufọ̀ kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà ààfin.

Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ògbufọ̀ àti akéde tirẹ̀ nínú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé inú ariwo ni wọ́n ń gbé. Oríṣiríṣi iná ló ń sáré kiri inú kọ̀ǹpútà, èyí sì máa ń ṣe ṣìì-ṣìì tàbí wín-ìn lábẹ́ orin, pàápàá lára kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú. Ohun tí àwọn onímọ̀ wá ṣe ni pé wọ́n gbé ògbufọ̀ àti akéde jáde sínú àpótí kékeré kan, tí wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú wáyà USB. Ẹ̀rọ méjì nínú àpótí kan nìyẹn.

Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ló ń ṣe é. Ní òpin àwọn ọdún 1990, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Chu Moy gbé àwòrán akéde kékeré kan síta fún gbogbo ayé, èyí tó ń lo bátìrì 9 fóòtì. Àwọn ènìyàn tò ó sínú páànù mínítì kékeré, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe ẹ̀rọ náà, CMoy. Ní 2011, ẹlòmíràn tí kò fẹ́ kí ayé mọ orúkọ òun, tó pe ara rẹ̀ ní NwAvGuy, gbé àwòrán akéde mìíràn jáde, ó pè é ní O2. Ó fi mítà àti ohun ìwọ̀n hàn pé ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni lè tò lórí tábìlì ilé rẹ̀ lè bá èyí tí wọ́n ń tà ní owó iyebíye dọ́gba. Ní 2012, ògbufọ̀ tó bá a rìn tẹ̀ lé e. Láàárín ọdún náà ni onítọ̀hún dákẹ́, a kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò yéé to O2, nítorí pé ìmọ̀ tó fi sílẹ̀ kò bá a lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé iṣẹ́ òyìnbó nìkan ni. Ní Freetown, lórílẹ̀-èdè Sierra Leone, ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Kelvin Doe ṣa àwókù ẹ̀rọ lórí ààtàn, ó fi to bátìrì àti ẹ̀rọ rédíò tó fi ń bá àdúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní 2012, ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà pè é wá, nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún. Nílẹ̀ Yorùbá tiwa, ta ni kò mọ àwọn oníṣẹ́ rédíò tí wọ́n ń pè ní rédíónìkì? Láti Ìbàdàn dé Òṣogbo, láti Abẹ́òkúta dé Àkúrẹ́, ìsọ̀ wọn wà létí títì pẹ̀lú òkú rédíò tó kún ilẹ̀ bámúbámú. Wọ́n ń to anpilifáyà fún òde ìnáwó, wọ́n ń kan àpótí gbohùngbohùn, ọmọ iṣẹ́ sì ń kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe fìríìdọ̀mù fún un. Òkú rédíò tó wà nílẹ̀ yẹn, ilé ẹ̀kọ́ ni. Lónìí, bí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n a jù ú nù, wọ́n a ra òmíràn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ní ẹ̀rọ mẹ́ta lápò tí kò mọ ohun tó wà nínú ọ̀kan ṣoṣo.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, ìsọ̀ ni kí ó lọ. Ẹ̀rọ kékeré tó dára wà lórí àtẹ tí owó rẹ̀ kò tó owó irinṣẹ́ tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò rà. Èrè ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó kì í ṣe owó. Èrè rẹ̀ ni pé bó bá bàjẹ́, yóò lè tún un ṣe, bí oníṣòwò bá sì purọ́ fún un, yóò mọ̀. Èrè kẹta ni ó tóbi jù, ìyẹn ni pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu bí ariwo tó lè wọ etí òun ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Ilé-iṣẹ́ Texas Instruments ti Amẹ́ríkà ṣe áísì kan tí ń jẹ́ PCM2704. Inú rẹ̀ ni ibi tí USB ń wọ̀, ògbufọ̀ àti akéde kékeré kan wà pa pọ̀. Iná 5 fóòtì tó ń ti ojú USB jáde tó o, kò bèèrè iná ilé. Kọ̀ǹpútà yóò sì dá a mọ̀ fúnra rẹ̀ lọ́gán tí wọ́n bá ti kì í bọ̀ ọ́. Èyí ló mú kí ó dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé 5 fóòtì kì í pa ènìyàn, ṣùgbọ́n iná NEPA kì í ṣeré. Ẹni tí kò tíì mọṣẹ́ dunjú kò gbọdọ̀ ṣí ohunkóhun tí wọ́n kì mọ́ iná ilé.

Ẹsẹ̀ áísì náà jẹ́ 28, wọ́n sì sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí àlàfo láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì kò pé mílímítà kan. Nítorí náà ó sàn kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ra pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti jó áísì mọ́, kí ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ìyókù. Kírísítà kan yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun ni ìyá ìlù, òun ni gbogbo nọ́ńbà ń tẹ̀ lé. Kapásítọ̀ kékeré ti 0.1 máíkírófárádì gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹsẹ̀ tí iná ń bá wọ áísì, kí ó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí iṣẹ́ ìkòkò omi ẹ̀yìn ilé, tí kì í jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ àwọn ọmọ kí omi odò tó dé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń hó ṣìì létí, jíjìnnà kapásítọ̀ yìí ló fà á.

Kapásítọ̀ ńlá ni yóò wà lẹ́nu ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde lọ sí hẹ́ẹ̀dìfóònù, ọ̀kan fún etí ọ̀tún, ọ̀kan fún ti òsì. Ó ń dènà iná tó dúró sójú kan, ó sì ń jẹ́ kí ìgbì orin kọjá. Bí ó bá kéré jù, yóò dènà ohùn ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, ìlù yóò sì dà bí ìgbà tí wọ́n ń lu páálí. Fún hẹ́ẹ̀dìfóònù 32 óòmù, kapásítọ̀ 220 máíkírófárádì yóò jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ kọjá dé nǹkan bí ìgbì 23 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá jẹ́ 470, yóò dé nǹkan bí 11. Ní 20 ni etí ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́, nítorí náà 470 ni ẹni tó fẹ́ràn dùndún àti gángan yóò mú.

Óòmù tí wọ́n dárúkọ yìí ni ìwọ̀n bí hẹ́ẹ̀dìfóònù ṣe ń tako iná tó. Ti ọ̀pọ̀ íápíìsì jẹ́ 16 tàbí 32, ti àwọn hẹ́ẹ̀dìfóònù tí àwọn olórin ń lò lè tó 300. Òfin kan wà níhìn-ín tí àwọn tó ń to ẹ̀rọ kò fi ń ṣeré, pé àtakò ti akéde fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ti hẹ́ẹ̀dìfóònù lọ. Ti hẹ́ẹ̀dìfóònù 32 óòmù, akéde rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 4 lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, adùn orin yóò máa yí padà láti ara hẹ́ẹ̀dìfóònù kan sí òmíràn. Èyí ni ọ̀kan nínú ohun tó ń mú ohùn dára, kì í ṣe wúrà ẹnu wáyà.

Kí ẹni tó tò ó tán tó kì í bọ kọ̀ǹpútà, mítà ni kí ó kọ́kọ́ gbé. Kí ó wò ó bóyá ojú iná àti ojú ilẹ̀ kò fẹnu kora, nítorí pé bí léèdì bá dà wọ́n pọ̀, ẹnu USB kọ̀ǹpútà lè bá a lọ. Lẹ́yìn náà, kí ó wọn ẹnu ọ̀nà hẹ́ẹ̀dìfóònù. Iná tó dúró sójú kan níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, ogún mílífóòtì ti pọ̀ jù lójú ọ̀pọ̀ àwọn tó mọṣẹ́. Íápíìsì tí kò níye lórí ni kí ó sì fi dán an wò ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ó gbé e sórí tábìlì, kì í ṣe sínú etí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ etí ti wọlé nìyí. PCM2704 nìkan, láìsí akéde mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, lè ti nǹkan bí 12 mílíwáàtì bọ inú hẹ́ẹ̀dìfóònù 32 óòmù. Létí ẹni tí kò mọ̀, ó kéré. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ hẹ́ẹ̀dìfóònù ló jẹ́ pé mílíwáàtì kan péré ń mú wọn ké dé 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì. Bó bá wá di 12, ariwo náà yóò kọjá 110. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní 80 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni ènìyàn lè gbọ́ fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan láìséwu. Bó bá di 90, wákàtí 4 péré ló kù fún odidi ọ̀sẹ̀. Àjọ náà ní àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní bílíọ̀nù kan ló ń fi etí wọn wewu lágbàáyé nípa irú ìgbọ́rọ̀ báyìí.

Kí ni 110 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì jọ? Ẹ jẹ́ ká padà sí Marshalltown. Wúrà tó kọ́ àwọn ilé gàgàrà ibẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ló ti wá, ibòmíràn sì wà tí ó jìn tó kìlómítà mẹ́rin, bíi ti Mponeng. Àwọn tó wà á, ọmọ South Africa ni wọ́n, ọmọ Lesotho, ọmọ Mozambique, ọmọ Malawi. Ẹ̀rọ ìlukùúta tí wọ́n dì mọ́ra nínú ihò tóóró máa ń pariwo ju 110 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lọ. Ariwo náà pa etí ọ̀pọ̀ wọn. Irun wínníwínní inú etí tó ń gba ohùn, bí ó bá ti kú, kì í hù mọ́. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé dídi tí etí òṣìṣẹ́ di nítorí ariwo wà lára ohun tí òfin South Africa ti 1993 ní kí wọ́n san owó ìtánràn lé lórí. Ní 2014, ìjọba, àwọn oníwakùsà àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fẹnu kò pé nígbà tí yóò bá fi di oṣù Kejìlá, ọdún 2024, ariwo ẹ̀rọ kankan nínú ihò kùsà kò gbọdọ̀ ju 107 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lọ.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí po. Àwọn kan fi etí wọn wá wúrà lábẹ́ ilẹ̀ nítorí oúnjẹ ọmọ wọn. Ọ̀dọ́ tí kò sí nínú ihò kùsà, tó jókòó sínú ọkọ̀ tàbí sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ló tún wá ń fi ẹnu wáyà oníwúrà gbé irú ariwo kan náà wọ etí ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Awakùsà ní òfin tó ń jà fún un àti ẹgbẹ́ tó ń bá a sọ̀rọ̀. Kò sí ọlọ́pàá tí yóò yọ íápíìsì létí ọmọ ẹnikẹ́ni lóru.

Nítorí náà, lọ́wọ́ ẹni tó ń to ẹ̀rọ ni òfin wà. Rẹsísítọ̀ méjì ló ń pinnu ìlọ́po tí akéde yóò fi gbé ohùn sókè. Bí méjèèjì bá dọ́gba nínú àgbékalẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù, ìlọ́po méjì ni. Ẹni tó ń lo hẹ́ẹ̀dìfóònù 300 óòmù lè nílò ìlọ́po méjì yìí. Ẹni tó ń lo 32 óòmù kò nílò ìlọ́po kankan, agbára tó wà nínú áísì ti pọ̀ ju ohun tí etí rẹ̀ ń fẹ́ lọ. Ẹni tó bá fi ìlọ́po mẹ́wàá sí i kí ó lè fi yangàn fún ọ̀rẹ́, ẹ̀rọ ìditi ló tò. Ẹni tó gbọ́n, rẹsísítọ̀ mìíràn ni yóò fi kún ojú ọ̀nà kí ohùn tó dé ibi bọ́tìnì fólúùmù, kí ó lè jẹ́ pé bí ọmọdé bá tilẹ̀ yí bọ́tìnì náà dópin, ariwo rẹ̀ kò ní dá egbò sí etí.

Oníṣòwò kì í fi irú rẹsísítọ̀ bẹ́ẹ̀ polówó. Kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ sára páálí pé ẹ̀rọ tiwa kò lè pariwo jù. Wúrà ni wọ́n ń kọ, agbára ni wọ́n ń kọ. Bẹ́ẹ̀ rẹsísítọ̀ yìí wà lára ohun tó kéré jù lówó nínú gbogbo àpótí náà, òun ló sì níye lórí jù fún ẹni tó ni etí.

Bí òbí bá ní ọmọ tó ń tú rédíò wò, kí ó má tètè nà án. Kí ó ra irin ìjóléèdì àti mítà fún un, kí ó wá rédíónìkì àgbà kan tí yóò dúró tì í, kí ó sì jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ lórí 5 fóòtì. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá kọ́kọ́ gbọ́ orin láti inú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tò, ojú tó fi ń wo ọjà yóò yí padà. Etí tó gbọ́ àlọ ni í gbọ́ àbọ̀, ṣùgbọ́n bí àlọ bá ti fọ́ etí, kí ni yóò gbọ́ àbọ̀?